Ohùn "gbìn-ìn" nínú sítíárìn ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún kan

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí ní Ìkẹ́nnẹ́, Ìjẹ̀bú-Òde ni mo sì ń gbé. Oṣù kẹjọ rèé tí mo ra ọkọ̀ mi. Tuntun ni, kì í ṣe tòkunbọ̀, kò sì tíì rìn ju kìlómítà 11,000 lọ. Láti bí oṣù méjì sẹ́yìn, bí mo bá ń yí sítíárìn láti fi ẹ̀yìn rìn jáde nínú ọgbà láàárọ̀, nǹkan kan á dún 'gbìn-ìn' níwájú, ọwọ́ mi á sì gbọ̀n díẹ̀. Ohùn mìíràn tún wà tó ń dún 'ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́' nítòsí ọwọ́ mi gan-an. Bí mo bá ti bọ́ sí títì márosẹ̀, n kì í gbọ́ nǹkan kan mọ́. Mẹkáníìkì àdúgbò wa ní oil sítíárìn ló ti gbẹ, ó ní ráákì, ìyẹn irin tó ń ti táyà yà bí a bá yí sítíárìn, sì ti ń bàjẹ́ lọ, kí n wá owó ráákì. Àbúrò ọkọ mi ní ara ọkọ̀ tuntun ni kò tíì balẹ̀. Àwọn tó tà á fún mi l'Ékòó wà á yípo lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní àwọn kò gbọ́ nǹkan kan. Ẹ̀rù ń bà mí kí sítíárìn má lọ já mọ́ mi lọ́wọ́ lójú ọ̀nà Ṣágámù. Kí ni kí n ṣe?"

Ìyáàfin wa, ẹ kú àníyàn o. Ohun tó ń já yín láyà ni mo fẹ́ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn, nítorí mo mọ̀ pé ẹni tó ń dá wakọ̀ láti Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìkẹ́nnẹ́ lójoojúmọ́, láàárín àwọn tírélà tó ń bọ̀ láti Òrè, kò lè fi ọ̀rọ̀ sítíárìn ṣeré. Sítíárìn kì í sábà ṣàdédé já mọ́ ènìyàn lọ́wọ́. Kí ìdè rẹ̀ kan tó yẹ̀, yóò ti kọ́kọ́ máa sọ tẹnu rẹ̀: ẹ ó máa yí i díẹ̀ kí táyà tó dáhùn, ọkọ̀ á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan, tàbí kí sítíárìn kọ̀ láti padà sí àárín fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá yà tán. Ẹ kò kọ ọ̀kankan nínú wọn sínú ìwé yín, nígbà tí mo sì pè yín láti bèèrè, ẹ ní ọkọ̀ ń lọ tààrà. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ díẹ̀. Kò túmọ̀ sí pé kí ẹ fọwọ́ lẹ́rán, ṣùgbọ́n ẹ ní àyè láti wádìí ọ̀rọ̀ náà bó ṣe yẹ, láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù gba owó lọ́wọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ oil kúrò lọ́nà ná. Nínú àwọn ọkọ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú wa fi kọ́ṣẹ́, pọ́ńpù kan wà tí bẹ́líìtì ínjìnnì máa ń yí. Pọ́ńpù yìí ló ń ti oil lọ sínú ráákì kí sítíárìn lè rọ̀ lọ́wọ́. Bí oil bá dín kù, atẹ́gùn á wọ inú rẹ̀, ẹ ó sì máa gbọ́ "yùùùn" tó ń ga sókè bí ẹ ṣe ń yí sítíárìn àti bí ínjìnnì ṣe ń yára. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọkọ̀ kéékèèké tí wọ́n ń ṣe lóde òní kò lo oil fún sítíárìn mọ́. Ẹ̀rọ oníná kékeré kan, tó máa ń wà lára ọ̀pá sítíárìn lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tàbí lára ráákì fúnra rẹ̀, ló ń bá yín yí i. Irú ọkọ̀ tí ẹ dárúkọ rẹ̀ fún mi, sítíárìn oníná ló ní. Bí ẹ bá fẹ́ fojú ara yín rí i, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, kí ẹ wá ike kékeré tí wọ́n ya àwòrán sítíárìn sí orí ìdérí rẹ̀. Ẹ kò ní rí i. N kò sọ pé irọ́ ni mẹkáníìkì yín ń pa o. Ohun tó mọ̀ lára ọkọ̀ àtijọ́ ló fi ń wo tuntun, ọ̀pọ̀ nínú wa ló sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni ibi tí yóò da oil náà sí. Mo ti rí ọkọ̀ kan tí wọ́n wọ́ wá láti ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ẹnì kan ti wá ibi tí yóò da oil sítíárìn sí títí, tó sì wá dà á sínú ike omi bíréèkì. Oil àti rọ́bà inú bíréèkì kò bára wọn gbé: gbogbo rọ́bà náà wú bí ẹ̀wà tí a rẹ mọ́jú, bíréèkì há mọ́ táyà, a sì ní láti tú gbogbo ọ̀nà omi bíréèkì palẹ̀ kí ọkọ̀ náà tó tún ṣeé wà. Nítorí náà, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da nǹkan kan sí nǹkan kan nínú ọkọ̀ yín.

Ọ̀rọ̀ àbúrò ọkọ yín ní òótọ́ díẹ̀ nínú. Àwọn ohùn kan wà tí ọkọ̀ tuntun ń ní tí kò sí àrùn kankan nídìí wọn. Bí ẹ bá yí sítíárìn oníná nígbà tí ọkọ̀ dúró, tí ẹ sì pa rédíò, ẹ lè gbọ́ "hùn-ùn" fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti fáànù tó wà ní yàrá kejì. Ẹ̀rọ tó ń bá yín yí i ni. Bí ilẹ̀ ọgbà yín bá jẹ́ íńtálọ́ọ̀kì tàbí táìlì, táyà á máa ké "kín-ín" lórí rẹ̀ bí ẹ bá ń yí i láìrìn, nítorí rọ́bà ń fà lórí ilẹ̀ dídán. Sítíárìn oníná sì lè le díẹ̀ bí ẹ bá ti yí i láti òpin dé òpin lọ́pọ̀ ìgbà láti jáde níbi tó há. Ó ń dáàbò bo ara rẹ̀ kó má baà gbóná jù ni, bó bá sinmi, yóò padà rọ̀. Ṣùgbọ́n ohùn "gbìn-ìn" tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n kò sí lára àwọn wọ̀nyí. Irin tó bá ń kọlu irin kì í kọlu ara wọn títí kó fi dákẹ́. Ńṣe ni àyè tó wà láàárín wọn máa ń fẹ̀ sí i. Ẹ ti fún un ní oṣù méjì, ara rẹ̀ kò balẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni pé wọ́n á ti dárúkọ ẹ̀yà ọkọ̀ kí wọ́n tó bèèrè ìgbà tí ohùn náà ń wáyé. Ohùn máa ń gba inú irin rìn. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ṣọ́ọ̀kì òsì lè dún gba ọ̀pá sítíárìn wá bí ẹni pé abẹ́ ọwọ́ yín ló wà, nítorí náà etí nìkan kò tó. Èmi máa ń bèèrè bóyá ọkọ̀ dúró ni tàbí ó ń rìn, bóyá ó tutù tàbí ó ti gbóná, bóyá ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń dún tàbí ó ń bá táyà yípo, àti bóyá ó ń dún nígbà tí awakọ̀ kò yí sítíárìn rárá, tó kàn gba orí bọ́m̀pù kọjá. Inú mi sì dùn pé ẹ kọ ohùn náà bí etí yín ṣe gbọ́ ọ. Àwa Yorùbá ní ọ̀rọ̀ fún ohùn ju bí a ṣe rò lọ, mẹkáníìkì tó bá sì fetí sí ẹnu oníbàárà dáadáa ti ní irinṣẹ́ kan lọ́wọ́ kó tó gbé jáàkì. "Kọ́" tó gbẹ yàtọ̀ sí "gbì" tó wúwo. "Kẹ́ kẹ́ kẹ́ kẹ́" tó ń yára bí ọkọ̀ ṣe ń yára ti sọ fún mi pé nǹkan tó ń bá táyà yípo ni. "Gbìn-ìn" ní tirẹ̀, tí ìró rẹ̀ ń gbọ̀n lẹ́yìn tó ti dún, ohun tí a lọ́ tí a sì tú sílẹ̀ lójijì ló máa ń dún bẹ́ẹ̀, ohun tó sì lè lọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú ọkọ̀ kò pọ̀. Spring ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ sí.

Bó ṣe rí nìyí. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà iwájú kọ̀ọ̀kan, ṣọ́ọ̀kì kan dúró lóòró, spring ńlá sì yí i ká. Nígbà tí ẹ bá yí sítíárìn, ṣọ́ọ̀kì àti spring á bá táyà yí, ṣùgbọ́n ara ọkọ̀ tí wọ́n dè wọ́n mọ́ lókè kò ní yí. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni béárìn pẹlẹbẹ kan tó wà lórí wọn, lábẹ́ rọ́bà tí àwa mẹkáníìkì ń pè ní shock mounting. Bí béárìn yìí bá ń yọ̀ dáadáa, ẹ kò ní mọ̀ pé ó wà láyé. Bí iyanrìn àti omi bá wọ̀ ọ́, tàbí tó ti sán nígbà tí táyà já sí kòtò, tàbí tí wọn kò gbé spring jókòó sí àyè rẹ̀ dáadáa nígbà tí wọ́n ń to ọkọ̀ náà, orí spring á kọ̀ láti yí. Ìsàlẹ̀ ń yí, òkè kò yí, spring á wá máa lọ́ bí aṣọ tí à ń fún. Bó bá dé ibi tí kò lè gbà mọ́, á ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ìfàpadà yẹn sì ni ọwọ́ yín ń mọ̀. Ìdí tó fi jẹ́ pé láàárọ̀ nínú ọgbà ni ẹ ń gbọ́ ọ ni pé ibẹ̀ ni ẹ ti ń yí sítíárìn jìnnà. Lójú títì márosẹ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ ni ẹ ń yí i, spring kì í lọ́ débi tí yóò fi ta.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín láìtú nǹkan kan. Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ fa hand brake, kí ẹnì kan jókòó sídìí sítíárìn kó máa rọra yí i láti òpin dé òpin. Ẹ̀yin ẹ na ọwọ́ láti òkè táyà, kí ẹ gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ spring. Ẹ má ṣe ti ìka bọ àárín rẹ̀ o. Ní oṣù díẹ̀ sẹ́yìn, ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ná ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù lójoojúmọ́ gbé ọkọ̀ tí kò tíì pé ọdún méjì wá bá mi, ẹjọ́ kan náà ló rò. Mo gbé ọwọ́ lé spring ọ̀tún, ó ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ọmọ iṣẹ́ mi ṣe ń yí sítíárìn. Mo bọ́ sí òsì. Sítíárìn ń yí, ṣùgbọ́n spring kò mira. Eruku pupa tó gbẹ mọ́ ọn kò tilẹ̀ ṣí. Lẹ́yìn náà ni ó ta mọ́ mi lọ́wọ́ bí ẹja ààyè, eruku náà sì já bọ́ sí apá mi. Nígbà tí a tú u, gíríìsì inú béárìn ti di amọ̀. A pààrọ̀ mounting àti béárìn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, a ṣe alignment fún táyà rẹ̀, ìyẹn ni pé a tò wọ́n kí wọ́n dúró gún, ó sì lọ. Bí ti yín náà bá ṣe bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ọwọ́ yín, ẹ ti mú olè náà.

Bí spring méjèèjì bá yí láìta, a jẹ́ pé mo ṣì í, ohun tó sì kàn tí mo máa wò ni àwọn bọ́ọ̀tì tó de irin abẹ́ ínjìnnì mọ́ ara ọkọ̀. Nínú ọkọ̀ tuntun, kì í ṣe pé nǹkan ti gbó ló sábà ń fa ohùn bí kò ṣe pé wọn kò di nǹkan kan mú tó, bọ́ọ̀tì tí kò mú dáadáa sì lè dún "kọ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbàkigbà tí ẹ bá pààrọ̀ láti ẹ̀yìn sí iwájú. Àwọn yòókù kò jọ tiyín. Linkage, ìyẹn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó so ṣọ́ọ̀kì mọ́ irin tó ń mú ọkọ̀ dúró déédéé, bó bá ti jẹ, máa ń dún "kọ́kọ́kọ́" lórí ọ̀nà gbágungbàgun yálà ẹ yí sítíárìn tàbí ẹ kò yí i. Shaft, ìyẹn ọ̀pá tó ń gbé agbára ínjìnnì lọ sí táyà, bó bá ti ń lọ, máa ń dún "kẹ́kẹ́kẹ́" nígbà tí ẹ bá yà tán pátápátá tí ẹ sì tẹ ọkọ̀ lọ, ẹ ó sì rí gíríìsì tó ti ta sí inú táyà láti ibi tí rọ́bà rẹ̀ ti ya. Béárìn táyà ń hó "hùùù", bí ọkọ̀ bá ṣe ń sáré sí i ló ń pọ̀ sí i. Ti òkúta wẹ́wẹ́ ni kí ẹ kàn fi sọ́kàn: òkúta tí kò ju ẹ̀pà lọ lè há sáàárín páànù bíréèkì àti irin rẹ̀, kó máa pariwo bí ẹni pé ọkọ̀ fẹ́ já sí méjì, skrùdíráfà ni a ó sì fi yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú kan.

Ohùn "ṣẹ́rẹ́ṣẹ́rẹ́" kò bá "gbìn-ìn" tan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a fi ohùn méjì wá àrùn kan. Nígbà tí mo bi yín bóyá ẹnikẹ́ni ti tú abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù yín, ẹ ní wọ́n fi tracker, ẹ̀rọ tó ń fi ibi tí ọkọ̀ wà hàn, sí i láìpẹ́ kí ohùn náà tó bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Àwọn tó ń fi tracker sí ọkọ̀ máa ń fi okùn ike so wáyà mọ́ ohunkóhun tó bá sún mọ́ ọwọ́ wọn, bí etí okùn náà bá sì ń kan ọ̀pá sítíárìn, á máa ha á ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí i. Kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà tó nípọn tó ti rọ́ sókè sí ìdí ọ̀pá náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú; ẹ kó o kúrò fún ọjọ́ kan kí ẹ gbọ́. Bí kò bá sí nínú méjèèjì, ó lè jẹ́ clock spring, ìyẹn wáyà pẹlẹbẹ tí wọ́n ká sínú ike lẹ́yìn ọpọ́n sítíárìn, tó ń gbé iná lọ sí họ́ọ̀nù àti airbag (àpò tó ń wú jáde láti dáàbò bo awakọ̀ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan) bí ẹ ṣe ń yí i. Bí òun bá ni, họ́ọ̀nù lè máa dún lẹ́ẹ̀kan kó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan, tàbí kí iná airbag tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tí kò mọ̀ nípa airbag tú ọpọ́n sítíárìn yín. Ohun tó ń bú gbàmù ló wà nínú rẹ̀, ó sì lè ṣe ènìyàn léṣe gidigidi bí wọn kò bá kọ́kọ́ yọ orí bátìrì kí wọ́n sì dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí iná inú rẹ̀ tó kú.

Ní ti ráákì, mo fẹ́ sọ ohun kan tó ń dùn mí di òní. Ní ọdún púpọ̀ sẹ́yìn, mo gba owó ráákì lọ́wọ́ bàbá kan tó jẹ́ oníbàárà mi, mo pààrọ̀ rẹ̀, bàbá sì gbéra. Kó tó dé Ògijo, ohùn náà ti padà. Béárìn orí ṣọ́ọ̀kì ni. Mo san iyekíye tí mo lè san padà fún un, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ni n kò ti jẹ́ dárúkọ ráákì kí n tó fọwọ́ kan spring. Ráákì lè bàjẹ́ lóòótọ́, tuntun pàápàá. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ilé iṣẹ́ Honda pe nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.7 ọkọ̀ padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà nítorí pé jíà kan nínú ìdí sítíárìn wọn kò dára tó láti ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ohun tí àwọn awakọ̀ wọ̀nyẹn ń rí ni pé sítíárìn ń le, ó ń fà mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n bá fẹ́ tún un ṣe díẹ̀ lórí eré. Ẹ̀yin kò rí irú rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ fún àwọn tó ta ọkọ̀ fún yín ní nọ́ḿbà ìdánimọ̀ rẹ̀, tó jẹ́ àmì 17, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ilé iṣẹ́ ti pe irú ọkọ̀ yín padà fún ohunkóhun.

Kò yà mí lẹ́nu pé wọn kò gbọ́ nǹkan kan l'Ékòó. Ẹ ti wa ọkọ̀ náà láti Ìjẹ̀bú-Òde dé ọ̀dọ̀ wọn, ó ti gbóná, wọ́n wá wà á yípo lójú títì gbọnrangandan tí ẹ ti mọ̀ pé kì í dún. Bí ẹ bá padà lọ, ẹ fi ọkọ̀ sùn síbẹ̀, kí onímọ̀ ẹ̀rọ wọn sì yí i ní òwúrọ̀ níṣojú yín kí ẹnikẹ́ni tó wà á. Kí ẹ tó lọ, ẹ fi fóònù ká ohùn náà sílẹ̀ fún àárọ̀ mẹ́ta: ẹnì kan nínú ọkọ̀, ẹnì kan pẹ̀lú fóònù nítòsí táyà, kí ẹ sọ ọjọ́ àti kìlómítà sínú rẹ̀. Ẹ kọ ẹjọ́ yín sínú ìwé, kí wọ́n fọwọ́ sí i pé àwọn ti gbà á, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan. Wáráńtì sábà máa ń ka ọdún àti kìlómítà, èyí tó bá kọ́kọ́ pé ló ń parí rẹ̀, nítorí náà ẹjọ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ lónìí, nígbà tí ó ṣì wà, lè gbè yín bí ọ̀rọ̀ náà bá fà gùn. Bí wọ́n bá kọ etí ikún, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbèjà oníbàárà, FCCPC, tí òfin ọdún 2018 gbé kalẹ̀, ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, ìwé àti ohùn tí ẹ ká sílẹ̀ sì ni wọn yóò bèèrè.

Mo mọ̀ pé ìrìn Èkó náni lówó, ó sì ń pa iṣẹ́ lára, àti pé mẹkáníìkì tó mọṣẹ́ lè pààrọ̀ mounting ní Ìjẹ̀bú-Òde láàárín ọjọ́ kan, ní owó tó kéré gan-an sí ti ráákì. Bó bá jẹ́ pé wáráńtì yín ti parí ni, ìyẹn ni ǹ bá gbà yín níyànjú. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tú iwájú ọkọ̀ níta báyìí, tí nǹkan mìíràn sì bàjẹ́ níbẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, wọ́n lè sọ pé ọwọ́ yín ló bà á jẹ́. Wọ́n sì lè sọ pé mounting wà lára àwọn rọ́bà tí wáráńtì kò bò. Ẹ ka ìwé wáráńtì yín kí ẹ tó lọ, kí ẹ mọ ohun tí ẹ ó sọ. Ti wáyà tracker, àwọn tó fi í sí i ni kí ẹ pè padà, kò yẹ kí wọ́n gba owó.

N kò tíì fọwọ́ kan ọkọ̀ yín, ohun tí mo sọ sì wà lábẹ́ ohun tí ọwọ́ bá rí. Ẹ lè máa wà á lọ sí ibi iṣẹ́ nígbà tí ẹ ń ṣètò, kí ẹ rọra níbi kòtò. Ṣùgbọ́n bí sítíárìn bá le lójijì, tí àmì sítíárìn bá tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù, tí ẹ bá ń yí i tí táyà kò tètè dáhùn, tàbí tí ohùn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí eré, ẹ dúró síbi tí kò léwu kí ẹ sì ní kí wọ́n wá wọ́ ọ. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ mounting náà, ẹ ní kí wọ́n gbé èyí tí wọ́n yọ lé yín lọ́wọ́, kí ẹ fi ìka yí béárìn rẹ̀. Bí ó bá ń há, tí ó ń rún bí iyanrìn nínú gààrí, ibẹ̀ ni ohùn yín ti ń wá. Bí ó bá yọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ẹ pè mí kí ẹ tó gbé ọkọ̀ kúrò níbẹ̀.